Bí A Ṣe Lè Lo Kọ̀ǹpútà Ilé-Ẹ̀kọ́ Gíga Láti Inú Ilé Wa



Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá sí ojú ìwé wa ní àkókò yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáàrí. Ọ̀rọ̀ àárẹ̀ ara ni, ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ sì ni pẹ̀lú. Ẹni tí ó ń gbé ní Ìkòròdú, tí iṣẹ́ rẹ̀ sì wà ní orí kọ̀ǹpútà kan ní Ẹ̀pẹ́, mọ ohun tí mo ń wí. Yóò jí kí àkùkọ tó kọ, yóò wọ ọkọ̀, yóò gba Ìmọ́ta kọjá, yóò dé Ìtòìkín, kí ó tó gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ. Bí ọ̀nà bá dára ní ọjọ́ náà, ẹ kú oríire. Bí òjò bá rọ̀, tàbí bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lójú ọ̀nà, oòrùn yóò ti wà ní àárín ọ̀run kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó tẹ ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí èmi fúnra mi ní ọdún tí mo ń kọ ìwé àṣekágbá mi. Mo ti kó máàkì ìwé kíkà àwọn ọmọ kíláàsì kẹrin jọ, mo sì ti tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà kan ní yàrá kọ̀ǹpútà, nítorí pé orí ẹ̀rọ náà nìkan ni ètò ìṣirò tí mo nílò wà. Kọ̀ǹpútà kékeré tí mo ní nílé ti gbó, kò sì lè gbé ètò náà. Bí olùtọ́sọ́nà mi bá ní kí n tún nọ́mbà kan ṣe, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni. Bí mo bá gbàgbé láti tẹ ìwé kan jáde, ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ náà ni. Ní ọ̀sẹ̀ kan mo lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, owó oúnjẹ mi sì di owó ọkọ̀. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré kí a gba ìwé lọ́wọ́ wa, mo sì ti ń rò ó pé bóyá ọdún tí ń bọ̀ ni n óò tó parí. Olùkọ́ kan ni ó ṣàánú mi, tí ó sì kọ́ mi ní ohun tí mo fẹ́ kọ́ yín lónìí.

I. KÍ NI NǸKAN NÁÀ?

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ fi ń pè é ni Remote Desktop. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí ènìyàn wà ní ibì kan, kí ó sì máa lo kọ̀ǹpútà tí ó wà ní ibòmíràn, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ó jókòó níwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo apẹja tí ó jókòó sí etí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́. Ẹja wà nísàlẹ̀ omi. Apẹja wà lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Kò bọ́ sínú omi, síbẹ̀ ó mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, nítorí okùn ìwọ̀ wà ní ọwọ́ rẹ̀. Bí ẹja bá fa okùn, ọwọ́ rẹ̀ gbọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá fa okùn, ẹja gbọ́. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ yìí rí. Kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ ni ó wà nínú omi; kọ̀ǹpútà tàbí fóònù wa ni ó wà ní etí odò; íntánẹ́ẹ̀tì sì ni okùn náà.

Ohun méjì pàtàkì ni ó ń gba orí okùn náà kọjá. Èkíní, àwòrán ojú kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ ń wá sí ọ̀dọ̀ wa. Èkejì, ohun tí a bá fi ọwọ́ tẹ̀ àti ibi tí a bá fi máòsì tọ́ka sí ń lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwé wa kò kúrò ní ibi tí ó wà. Ètò ìṣirò kò kúrò ní ibi tí ó wà. Ẹ̀rọ ńlá ni ó ń ṣe iṣẹ́. Ẹ̀rọ kékeré tiwa ń wòran, ó sì ń rán iṣẹ́. Ìdí nìyí tí kọ̀ǹpútà gbígbó fi lè ṣe iṣẹ́ tí agbára rẹ̀ kò ká.

II. ÌTÀN RẸ̀ NÍ ṢÓKÍ

Nǹkan yìí kì í ṣe ti àná. Ní ọdún 1998 ni ilé-iṣẹ́ Microsoft kọ́kọ́ fi irú ọ̀nà yìí sínú ètò Windows NT tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń lò. Nígbà tí ó sì di ọdún 2001, ó fi í sínú Windows XP Professional, tí ó jẹ́ pé ẹni kan ṣoṣo lè lò ó. Ní àkókò kan náà, àwọn onímọ̀ kan ní Cambridge ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òmíràn tí a ń pè ní VNC, tí wọ́n sì fi í fún gbogbo ayé ní ọ̀fẹ́.

Àwa níhìn-ín kò fi bẹ́ẹ̀ kà á sí títí di oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà mú kí ìjọba ti ilé-ẹ̀kọ́ pa ní Èkó, tí a sì ní kí olúkúlùkù jókòó sí ilé rẹ̀. Ní ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ pé iṣẹ́ wọn wà lẹ́yìn géètì tí a ti tì. Lẹ́yìn èyí, ní ọdún 2022, Lagos State Polytechnic tí ó wà ní Ìkòròdú di yunifásítì ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí ó wà ní Noforija ní Ẹ̀pẹ́ sì parapọ̀ mọ́ ti Ìjànìkìn láti di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó. Nípa báyìí, ilé-ẹ̀kọ́ gíga wà ní ìhà méjèèjì ọ̀nà wa, àwọn tí ń gbé ní ìhà kan tí wọ́n sì ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ìhà kejì kò sì kéré. Nítorí náà, ẹ̀kọ́ yìí kàn wá.

III. OHUN TÍ A GBỌ́DỌ̀ NÍ KÍ A TÓ BẸ̀RẸ̀

Ìkíní ni àṣẹ. Kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe ti bàbá ẹnikẹ́ni nínú wa. Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì àwọn tí ń bójú tó kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣàlàyé ara yín, kí ẹ sì gba àṣẹ. Bí wọ́n bá kọ̀, a kò gbọdọ̀ ṣe é ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tí ó bá gba ojú fèrèsé wọ ilé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ilé, olè ni a óò kọ́kọ́ pè é.

Ìkejì ni irú Windows tí ó wà ní orí ẹ̀rọ ilé-ẹ̀kọ́. Èyí tí a ń pè ní Home kò lè gba àlejò. Pro, Enterprise àti Education ni ó lè gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí ó wà nílé wa lè jẹ́ Home, nítorí òun ni ó ń lọ kí ẹlòmíràn. Láti mọ irú èyí tí ó jẹ́, ẹ ṣí Settings, kí ẹ tẹ System, kí ẹ sì tẹ About.

Ìkẹta ni iná mànàmáná. Bí iná bá kú ní ilé-ẹ̀kọ́, okùn ti já nìyẹn. Bí bátìrì UPS bá wà lábẹ́ ẹ̀rọ náà, yóò gbà á lọ́wọ́ iná tí ń kú tí ó sì ń padà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí iná bá pẹ́ kí ó tó dé, ohun kan wà tí a ń ṣe nínú BIOS ẹ̀rọ náà kí ó lè máa tan ara rẹ̀ nígbà tí iná bá dé. Ẹ bẹ àwọn alábòójútó kí wọ́n bá yín ṣe é. Ẹ má ṣe dá a ṣe fúnra yín.

Ìkẹrin ni íntánẹ́ẹ̀tì ní ìhà méjèèjì. Kò pọn dandan kí ó yára bí ẹ̀fúùfù, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ó dúró ṣinṣin. Íntánẹ́ẹ̀tì tí ń já lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan burú ju èyí tí ó lọ́ra lọ.

IV. OHUN TÍ A Ó ṢE NÍ ILÉ-Ẹ̀KỌ́

Ẹ tẹ̀lé àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí ní ẹsẹẹsẹ, níwájú alábòójútó.

1. Ẹ ṣí Settings, lẹ́yìn náà System, lẹ́yìn náà Remote Desktop, kí ẹ sì tàn án.

2. Ẹ ó rí ibi tí a ti ń béèrè bóyá kí ẹ̀rọ mọ ẹni tí ń bọ̀ kí ó tó ṣílẹ̀kùn fún un. Network Level Authentication ni orúkọ rẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ ní títàn. Baálé ilé tí ó gbọ́n a máa béèrè pé “Ta nìyẹn?” kí ó tó fa ìlẹ̀kùn.

3. Ẹ kọ orúkọ kọ̀ǹpútà náà sínú ìwé yín. Ó wà ní ojú ewé kan náà. Bí ẹ bá fi lẹ́tà kan sílẹ̀, ẹ kò ní rí ẹ̀rọ náà.

4. Ẹ rí i pé orúkọ yín wà lára àwọn tí a fún ní àyè láti wọlé, kí ẹ sì ní ọ̀rọ̀ aṣínà. Ẹni tí kò bá ní ọ̀rọ̀ aṣínà, ẹ̀rọ kò ní gbà á láti òkèèrè.

5. Ẹ lọ sí ibi tí a ti ń ṣètò oorun ẹ̀rọ, kí ẹ sì sọ fún un pé kí ó má ṣe sùn rárá níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà lórí iná.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi sí ọkàn jù lọ. Ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe é, mo ṣe ìgbésẹ̀ mẹ́rin àkọ́kọ́ dáradára, mo sì wọ ọkọ̀ padà sílé pẹ̀lú orin lẹ́nu. Nígbà tí mo dé Ìkòròdú, mo pe ẹ̀rọ náà, kò dáhùn. Mo pè é títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo tún gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, mo sì bá a tí ó ń sùn bí ọmọ titun. Mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́, ó sì jí. Ìrìn àjò odidi ọjọ́ kan nítorí ìka kan! Ẹ̀bi mi ni, kì í ṣe ti ẹlòmíràn.

V. Ọ̀NÀ TÍ Ó LỌ SÍ IBẸ̀

Níhìn-ín ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kọsẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a rọra.

Gbogbo kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni ó ní nọ́mbà tí a fi ń mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n nọ́mbà tí kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń ní jẹ́ nọ́mbà abẹ́lé. Ó lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí 192.168. Ẹ rò ó bí agbo ilé ńlá. Nínú agbo ilé kọ̀ọ̀kan ni a ti lè rí “yàrá kẹta”. Bí àlejò bá dúró ní ìta gbangba tí ó ń ké pe “Yàrá kẹta o!”, ta ni yóò dá a lóhùn? Yàrá kẹta wà nílé Lájídé, ó wà nílé Ògúnlẹ́yẹ, ó sì wà nílé gbogbo ayé. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó wà ní Ìkòròdú kò lè fi nọ́mbà abẹ́lé pe ẹ̀rọ tí ó wà ní Ẹ̀pẹ́.

Ohun tí ó tú ọ̀rọ̀ yìí ni VPN. Ọ̀nà àdáni ni, tí a là láti ilé wa wọ inú agbo ilé náà, tí a sì bo òkè rẹ̀ kí ẹni tí ń kọjá má baà rí ohun tí a gbé. Bí a bá ti gba ọ̀nà náà wọlé, a ti di ọmọ agbo ilé. Bí a bá ké pe “yàrá kẹta” nígbà náà, yàrá kẹta tiwa ni yóò dáhùn. Àwọn alábòójútó ni ó ń fúnni ní VPN. Bí ilé-ẹ̀kọ́ yín bá ní in, ẹ béèrè fún ètò rẹ̀ àti orúkọ tí ẹ ó fi wọlé.

VI. OHUN TÍ A Ó ṢE NÍ ILÉ

1. Ẹ tan VPN, kí ẹ sì dúró títí yóò fi sọ pé ó ti so pọ̀.

2. Ẹ ṣí ètò tí a ń pè ní Remote Desktop Connection. Ó ti wà nínú Windows tẹ́lẹ̀; ẹ tẹ mstsc sí ibi ìwákiri, yóò sì yọjú. Ẹni tí ó bá ń lo fóònù tàbí Mac yóò gba ètò Microsoft tí ó wà fún wọn.

3. Ẹ tẹ orúkọ kọ̀ǹpútà tí ẹ kọ sínú ìwé, lẹ́yìn náà orúkọ yín àti ọ̀rọ̀ aṣínà yín.

4. Kí dátà má baà tètè tán, ẹ dín ìwọ̀n àwòrán kù, ẹ dín àwọ̀ kù, kí ẹ sì yọ àwòrán ẹ̀yìn. Ẹ má ṣe wo fídíò gba ibẹ̀. Ẹni tí ó ń tẹ ìwé kì í ná dátà púpọ̀. Ẹni tí ó ń wo fídíò ni yóò sunkún.

5. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ dáwọ́ dúró, ẹ mọ ìyàtọ̀ láàárín ohun méjì. Bí ẹ bá ti fèrèsé náà pa lásán, iṣẹ́ yín ṣì ń lọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ẹ ó bá a bí ẹ ti fi í sílẹ̀. Bí ẹ bá tẹ Sign out, gbogbo ètò ni yóò kú, ohun tí ẹ kò bá sì tíì fi pamọ́ yóò ṣègbé.

Ẹ wo oore tí ó wà nínú ìkarùn-ún yìí fún àwa tí iná kì í dúró lọ́dọ̀ wa. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ìṣirò mi ti dé ìdajì nígbà tí iná kú ní àdúgbò wa, tí ráútà sì kú pẹ̀lú rẹ̀. Mo rò pé gbogbo rẹ̀ ti bàjẹ́. Nígbà tí iná dé ní òwúrọ̀, mo tún wọlé, mo sì bá ìṣirò náà tí ó ti parí, tí ó ń dúró dè mí. Òkùnkùn Ìkòròdú kò dé Ẹ̀pẹ́.

VII. EWU TÍ Ó WÀ NÍBẸ̀

Àwọn bàbá wa sọ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò ní rí ibi wọ̀ ọ́. Ẹnu tí Remote Desktop ń gbà gba àlejò ni nọ́mbà 3389. Àwọn kan wà tí yóò sọ fún yín pé kí ẹ ṣí ẹnu yìí sí ìta gbangba, kí ẹ má ṣe yọ ara yín lẹ́nu pẹ̀lú VPN. Ẹ má gbọ́ tiwọn. Ọ̀sán àti òru ni àwọn olè ń fi ẹ̀rọ wá irú ilẹ̀kùn bẹ́ẹ̀ kiri gbogbo ayé, tí wọ́n sì ń dán ọ̀rọ̀ aṣínà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2019, a rí àbùkù kan tí a pè ní BlueKeep lára Remote Desktop àwọn Windows àtijọ́, tí olè lè gbà wọlé láìní ọ̀rọ̀ aṣínà rárá. Ọ̀rọ̀ náà le tó bẹ́ẹ̀ tí Microsoft fi ṣe àtúnṣe fún Windows XP pàápàá, èyí tí ó ti pa tì láti ọdún 2014. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí ẹ̀rọ máa gba àtúnṣe rẹ̀ nígbà gbogbo.

Ọ̀rọ̀ aṣínà yín kò gbọdọ̀ jẹ́ orúkọ yín, tàbí ọjọ́ ìbí yín, tàbí 123456. Ẹ so ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí kò bá ara wọn tan pọ̀, kí ẹ sì má ṣe sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àní ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́. Ẹ má ṣe lo kọ̀ǹpútà káfẹ̀ fún iṣẹ́ yìí.

Ewu kan tún wà tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn ìyá wa nílé. Bí àjèjì bá pè yín lórí fóònù, tí ó ní òun ti báńkì wá, tí ó sì ní kí ẹ fi ètò bí AnyDesk tàbí TeamViewer sórí fóònù yín kí òun lè bá yín tún un ṣe, ẹ pa fóònù náà. Ètò náà kò ní ẹ̀bi. Ẹni tí ẹ fẹ́ fi okùn lé lọ́wọ́ ni ó burú. Ẹni tí ó bá di okùn mú ni ó ń fa ẹja.

VIII. BÍ KÒ BÁ SÍ VPN

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Bí ilé-ẹ̀kọ́ kò bá ní VPN, tí ó sì fún wa ní àṣẹ, a lè lo Chrome Remote Desktop, tí kò gba owó. Ẹ̀rọ méjèèjì ni ó ń jáde lọ pàdé ara wọn lọ́dọ̀ Google, gẹ́gẹ́ bí ẹni méjì tí ń gbé ní ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ti lè fi àdéhùn pàdé ní ọjà. Nítorí èyí, ẹnikẹ́ni kò nílò láti ṣí ilẹ̀kùn ilé rẹ̀ sí ìta. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i: nígbà tí ẹ bá ń lo ti Microsoft, ojú ẹ̀rọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ yóò tì, ní ti Chrome, bí a kò bá ṣètò rẹ̀, ẹni tí ó bá dúró nínú yàrá náà lè máa wo gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe.

Ohun yòówù kí ẹ lò, ẹ ní ẹ̀dà iṣẹ́ yín sí ibòmíràn. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tí ó gba abẹ́ òkun já ní ìtòsí Abidjan, báńkì àti ilé-iṣẹ́ púpọ̀ ní ilẹ̀ wa sì dáwọ́ dúró. Okùn tí ó gùn jù lọ náà lè já.

IX. BÍ A ṢE LÈ KỌ́ ÀWỌN ỌMỌDÉ

Níwọ̀n bí olùkọ́ ti ni wá, ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ti fi í kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún láìsí kọ̀ǹpútà kan. Mo fi ọmọ kan sí iwájú pátákó, mo sì fi òmíràn sí ìta níbi tí kò ti lè rí pátákó. Ọmọ kẹta ni mo fi ṣe ìránṣẹ́. Ọmọ tí ó wà níta yóò sọ pé, “Kọ 7 sílẹ̀, fi 5 kún un.” Ìránṣẹ́ yóò sáré lọ sọ ọ́, ti iwájú pátákó yóò ṣe ìṣirò, ìránṣẹ́ yóò ya ohun tí ó rí sórí síléètì, yóò sì gbé e jáde. Lẹ́yìn náà mo ní kí ìránṣẹ́ dúró sójú kan: èyí ni íntánẹ́ẹ̀tì tí ó já. Mo ní kí ọmọ iwájú pátákó di ojú: èyí ni ẹ̀rọ tí ó sùn. Mo rán ọmọ mìíràn tí kò mọ ọ̀rọ̀ aṣínà: wọ́n lé e padà pẹ̀lú ẹ̀rín. Kò sí ọmọ kan nínú wọn tí ó gbàgbé ẹ̀kọ́ náà.

Ní tèmi, ìwé àṣekágbá mi dé ọwọ́ olùtọ́sọ́nà mi ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tí a dá. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju ẹlòmíràn lọ. Ẹnìkan ni ó fi ọ̀nà hàn mí. Ẹni tí a bá fi ọ̀nà hàn, ó yẹ kí òun náà fi í han ẹlòmíràn.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀYẸ̀WÒ

1. Ohun méjì wo ni ó ń gba orí okùn kọjá nígbà tí a bá ń lo Remote Desktop?

2. Irú Windows wo ni kò lè gba àlejò?

3. Èéṣe tí nọ́mbà abẹ́lé kò fi lè mú wa dé kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ láti ilé?

4. Kí ni ìyàtọ̀ láàárín títi fèrèsé pa àti Sign out?

5. Èéṣe tí kò fi yẹ kí a ṣí ẹnu 3389 sí ìta gbangba?

6. Ìgbésẹ̀ wo ni ẹni tí ó kọ ìwé yìí gbàgbé, kí sì ni ó ná an?